Ká yọ RNA ni, àbí ká wọn iṣẹ́ jíìnì látinú sẹ́ẹ̀lì tààrà?

Ọmọ kan tó ń kàwé gboyè kejì wá bá mi ní láàbù n'Ádó-Èkìtì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó di bébà iye owó kẹ́míkà mọ́wọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá omi ewúro ń dín iṣẹ́ jíìnì kan kù nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú tó ń sìn. Inú ike olójú 96 ni sẹ́ẹ̀lì náà wà, ohun tó sì wà lójú kan ò tó ẹ̀kún ṣíbí tíì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà nínú wọn? Wọ́n ní kíìtì kan wà téèyàn ò ní yọ RNA rárá." (RNA ni ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe látinú jíìnì nígbà tí jíìnì náà bá ń ṣiṣẹ́.)

Mo bi í ní nǹkan mẹ́ta kí n tó dá a lóhùn. Sẹ́ẹ̀lì mélòó ló wà lójú kan? Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ta ló máa tan jẹnẹrétọ̀? Kí ni ọ̀gá rẹ̀ máa béèrè lọ́jọ́ tó bá gbé èsì wá? Ìkejì nìkan ló rí dáhùn. Ohun tá a jọ sọ lọ́jọ́ náà ni mo kọ síbí, torí irú ìbéèrè yìí ń wá láti Ọ̀yẹ́, ó ń wá láti Ìkọ̀lé, ó sì dùn mí bí owó ọmọ ilé-ìwé ṣe ń ṣòfò sórí kíìtì tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Ohun tá à ń wọ̀n gan-an

Nígbà tí jíìnì bá ń ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì á da á kọ sí mRNA, irú RNA kan, mRNA yìí ni sẹ́ẹ̀lì á sì fi ṣe pròtéènì. Tá a bá mọ iye mRNA tó wà nílẹ̀, a ti mọ bí jíìnì náà ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ẹ̀rọ PCR, tó ń ṣe ẹ̀dà DNA lọ́pọ̀lọpọ̀, kì í ka RNA fúnra rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i padà sí cDNA, ìyẹn DNA tá a fi RNA ṣe: òun ni reverse transcriptase, tí Howard Temin àti David Baltimore ṣàwárí rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní 1970. PCR á wá máa sọ cDNA di ìlọ́po méjì ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á sì kọ ìyípo tí ìmọ́lẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn là ń pè ní Cq. Àpẹẹrẹ tí Cq rẹ̀ bá fi 1 kéré sí ti èkejì ní ìlọ́po méjì RNA tí èkejì ní.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ẹ́ńsáìmù yẹn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló yàtọ̀ láti ọ̀nà kan sí èkejì. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí á tètè yé. Yíyọ RNA dà bíi sísẹ́ ògì: èèrí á dúró lórí asẹ́, ògì á sọ̀kalẹ̀ ní mímọ́, àmọ́ kò sí bí ọwọ́ èèyàn ṣe lè dá ṣáká tó tí ògì díẹ̀ ò ní bá èèrí lọ. Tí àgbàdo bá kún agbada, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan, ohun tó bá èèrí lọ lè ju ohun tó kù lọ. Ọ̀nà tààrà ò sẹ́ nǹkan kan. A fọ́ sẹ́ẹ̀lì, a sì da gbogbo rẹ̀, tògì tèèrí, sínú iṣẹ́. Ó wá kù ká mọ̀ bóyá èèrí yẹn máa há ẹ́ńsáìmù lọ́rùn.

Ohun tí mo fi ń díwọ̀n

Irú àpẹẹrẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Sẹ́ẹ̀lì tá a sìn nínú ike mọ́. Ẹ̀jẹ̀, ewé ẹ̀gẹ́ àti ẹran ara ò mọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iye sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì èèyàn kan ṣoṣo ní nǹkan bíi píkógíráàmù 10 sí 30 RNA, mRNA inú rẹ̀ ò sì ju ìdá 1 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Sẹ́ẹ̀lì 10,000 á fún wa ní nánógíráàmù 100 sí 300 péré, ìyẹn tí nǹkan kan ò bá ṣòfò.

Iná ló tẹ̀lé e. L'Ékìtì, ìmọ̀ ò wọ́n wa, iná ló wọ́n wa. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó bá ń fẹ́ òtútù tàbí ẹ̀rọ tó ń yí (centrifuge) jẹ́ ibi tí iná ti lè já èèyàn kulẹ̀, kí ìdajì iṣẹ́ sì wà nínú ẹ̀rọ tó ti dákẹ́.

Ẹ̀rí náà ṣe pàtàkì. Láti 2009 tí ìlànà MIQE ti jáde, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ PCR wò máa ń fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe tọ́jú RNA, bó ṣe mọ̀ pé ó dára, àti bó ṣe mọ̀ pé kò sí ohun tó dí ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́. Owó ni mo fi ṣe ìkẹyìn, kì í ṣe pé kò ká mi lára. Iye tó wà lára páálí kì í ṣe iye tí iṣẹ́ máa ná wa. Ẹ ka pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn, ẹ ka yìnyín, ẹ sì ka àpẹẹrẹ tó máa bàjẹ́ kí ọwọ́ tó mọ́ iṣẹ́ náà.

Kíìtì tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì tààrà

Cells-to-CT ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù nínú wọn. Bio-Rad ní tiwọn tó ń jẹ́ SingleShot, Takara ní CellAmp. Bí Cells-to-CT ṣe ń lọ nìyí. Ẹ da omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì nù, ẹ fi PBS tútù, ìyẹn omi oníyọ̀, ṣan ojú ike náà. Ẹ ta máíkírólítà 50 omi ìfọ́ tẹ́ ẹ ti po DNase mọ́ sí i. DNase yìí ló máa jẹ DNA run kó má bàa bá wa ka ìkàkukà. Ẹ fi pípẹ́ẹ̀tì fà á sókè sódò lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ ta máíkírólítà 5 omi ìdádúró sí i, ẹ dúró ìṣẹ́jú 2. Ó ti tán nìyẹn. Kò sí ẹ̀rọ tó ń yí, kò sí fẹ́nọ́ọ̀lù, a ò sì gbé nǹkan kan láti inú ike kan bọ́ sí òmíràn. Ojú kan gba láti sẹ́ẹ̀lì 10 títí dé 100,000.

Mo ti gbé ike náà sábẹ́ máíkírósíkóòpù láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn rí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n di ara wọn mú, ń parẹ́ létí létí, títí tó fi ku tótòtó dúdú níbi tí núkílọ́ọ̀sì wọn wà. RNA tá à ń wá ti bọ́ sínú omi nígbà yẹn, ṣùgbọ́n RNase tó ń jẹ RNA náà ti bọ́ síta. Omi ìfọ́ yẹn ló ń dì í lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kéèyàn fi iṣẹ́ sílẹ̀ lágbedeméjì kó lọ gba ìpè.

Ooru tún wà níbẹ̀. Ìwé ìlànà kíìtì náà fẹ́ kí yàrá wà láàárín 19 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú Oṣù Kẹta, yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù n'Ádó máa ń kọjá 30 lọ́sàn-án. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo máa ń ṣe tèmi, kí oòrùn tó gun orí òrùlé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀nà yìí ni pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbà kí àpẹẹrẹ 96 fi kúrò ní sẹ́ẹ̀lì, kó sì di omi tó ṣe é fi sínú PCR. Iná lè lọ, kó dé, kó tún lọ, kò kàn wá títí di ìgbà tá a bá fẹ́ tan ẹ̀rọ PCR. Fún sẹ́ẹ̀lì tí kò pọ̀, mi ò rí ọ̀nà míì tó dà bíi rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí olùtajà kì í tẹnu mọ́. Àkọ́kọ́ ni pé a ò lè wọn RNA náà. Nínú omi tó ti dàrú pọ̀ mọ́ pròtéènì bẹ́ẹ̀ yẹn, nọ́ńbà yòówù tí NanoDrop, ẹ̀rọ tó ń wọn iye RNA, bá gbé jáde ò túmọ̀ sí nǹkan kan, a ò sì lè rí RIN, ìyẹn máàkì 1 sí 10 tá a fi ń mọ̀ bóyá RNA ti já wẹ́wẹ́. A ò wá lè sọ pé nánógíráàmù iye báyìí là ń fi sí ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ewúro ọmọ yìí. Ká ní omi ewúro pa ìdajì sẹ́ẹ̀lì. RNA á dín kù sí ìdajì, Cq gbogbo jíìnì á fi 1 gòkè, ẹni tí kò bá wo ẹ̀yìn wò á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ewúro dín iṣẹ́ jíìnì òun kù. Ewúro ò ṣe nǹkan kan fún jíìnì náà, sẹ́ẹ̀lì ló kú. Jíìnì aláìyípadà tá a máa fi ṣe òdiwọ̀n, bíi GAPDH tàbí ACTB, ló ń yọni. Ẹ lò tó méjì, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ rí i dájú pé oògùn yín ò yí àwọn náà padà.

Èkejì ni èèrí tó ń há ẹ́ńsáìmù, ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti ṣubú. Mo kó sẹ́ẹ̀lì tó ju 200,000 sí ojú kan, mo rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni èsì á ṣe dára tó. Gbogbo ojú tó kún jù ló fi hàn pé jíìnì mi lọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń tún àlàyé kọ lórí èsì yẹn kí n tó mọ̀ pé ẹ́ńsáìmù ló ń kú sínú ohun tí mo dà lé e lórí. Ìdánwò tí ì bá gbà mí ò ju wákàtí méjì lọ. Ẹ mú omi sẹ́ẹ̀lì kan, ẹ bomi là á ní ìlọ́po 10, ẹ tún là á ní ìlọ́po 100, kẹ́ ẹ sì fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú PCR. Láti ìpele kan sí èkejì, Cq gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi 3.3 gòkè, torí ìlọ́po méjì lọ́nà 3.3 ló ń jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Tó bá fi 2 péré gòkè, èyí tí ẹ ò là ti ń há. Ẹ dín sẹ́ẹ̀lì kù. Fún ẹni tó ń da omi ewé sórí sẹ́ẹ̀lì, ẹ fi PBS ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, nítorí àwọn èròjà kíkorò inú ewé tó bá ṣẹ́kù náà ń dí ẹ́ńsáìmù.

Ẹ sì má gbàgbé ojú kan tí ẹ ò ní fi reverse transcriptase sí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ níbẹ̀, DNA ni DNase ò jẹ tán.

Àwọn kan ṣì máa ń sọ pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni kéèyàn má yọ RNA. Mo máa ń rán wọn létí 2020. Kíìtì tí wọ́n fi ń yọ RNA kòrónà wọ́n káàkiri ayé, àwọn tó wà ní Yale sì gbé SalivaDirect jáde: itọ́, proteinase K tó ń jẹ pròtéènì, ìṣẹ́jú 5 nínú ooru 95, ó di inú PCR. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìlò pàjáwìrì ní Oṣù Kẹjọ ọdún náà. Wíwá kòrónà nínú itọ́ yàtọ̀ sí wíwọn iṣẹ́ jíìnì, torí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń béèrè, kò béèrè ìlọ́po mélòó. Síbẹ̀, ó fi hàn pé ẹ́ńsáìmù òde òní lágbára ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Omi ìfọ́ tá a pò fúnra wa

Ẹni tí owó kíìtì bá ga jù fún lè po tirẹ̀. Èyí tó jáde nínú ìwé ìròyìn Scientific Reports ní 2014 ò ju Tris 10 mM tí pH rẹ̀ jẹ́ 7.4, iyọ̀ NaCl 150 mM àti ọṣẹ Igepal CA-630 ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ láàbù tó ti ṣiṣẹ́ pròtéènì rí ló ní nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí pẹpẹ. Fún sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, àwọn olùwádìí kan fi hàn ní 2013 pé pròtéènì BSA mílígíráàmù 1 nínú mílílítà omi kan ń ṣe dáadáa ju ọ̀pọ̀ omi ìfọ́ olówó ńlá lọ. Ohun tá a gbọ́dọ̀ rà ni pròtéènì adáàbòbo RNA (RNase inhibitor), torí RNase wà lọ́wọ́ wa, ó wà lórí tábìlì, sísè gan-an ò sì pa òmíràn nínú wọn. Ó dín owó kù púpọ̀, àmọ́ iṣẹ́ ìdánwò tí ilé-iṣẹ́ kíìtì ti bá wa ṣe á wá di tiwa. Mi ò ní fún ọmọ tó kù oṣù méjì kó gbé ìwé àṣekágbá sílẹ̀ nímọ̀ràn pé kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

TRIzol

Chomczynski àti Sacchi ló gbé ọ̀nà tí TRIzol jáde látinú rẹ̀ kalẹ̀ ní 1987, kò sì tíì kúrò lójú ọpọ́n. Fẹ́nọ́ọ̀lù àti guanidine ló wà nínú ìgò yẹn. Ẹ da mílílítà 1 sórí sẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù 5 sí 10, ẹ fi chloroform mílílítà 0.2 sí i, ẹ mì ín gidi, ẹ fi sínú ẹ̀rọ tó ń yí fún ìṣẹ́jú 15 ní 12,000 g, nínú òtútù 4. Tẹ́ ẹ bá mú un jáde, ẹ máa rí i pé ó pín sí mẹ́ta: pupa rẹ́súrẹ́sú nísàlẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ funfun bí òwú láàárín, omi mímọ́ gaara lókè. Omi òkè yẹn ni RNA wà. Ẹ má fojú kòkòrò débi tí pípẹ́ẹ̀tì á fi kan òwú náà, DNA ló wà níbẹ̀. Isopropanol á mú RNA sọ̀kalẹ̀, ethanol ìdá 75 á fọ̀ ọ́.

Tí ẹran tàbí sẹ́ẹ̀lì bá pọ̀, kò sí ohun tó fún èèyàn ní RNA tó báyìí ní iye owó tó báyìí. Fún àpẹẹrẹ kékeré, RNA tó sùn sí ìsàlẹ̀ ike kò ní ṣeé fojú rí, ibi téèyàn ti ń da omi ethanol nù ni RNA ń bá a lọ. Ẹ sì ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ olótùútù gbọ́dọ̀ yí: ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tí kò bá ní jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ yẹn kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ lé e.

Fẹ́nọ́ọ̀lù ń jó ara. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ ṣe é níbi tí atẹ́gùn ti ń fà á jáde. Ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí TRIzol láé. Bí bílíìṣì àti guanidine bá pàdé, afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde níbẹ̀, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ fi fọ síńkì.

Kọ́lọ́ọ̀mù

Guanidine àti ethanol ń mú kí RNA lẹ̀ mọ́ sílíkà inú ike tóóró tá à ń pè ní kọ́lọ́ọ̀mù, a ó ṣan án, a ó fi omi díẹ̀ tú u sílẹ̀. RNeasy ló gbajúmọ̀ jù. Ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì tó fún un, kò béèrè òtútù, kò béèrè fẹ́nọ́ọ̀lù, RNA rẹ̀ sì mọ́ débi tí ọ̀gá ò fi ní rí ẹjọ́ rò. Ojú rẹ̀ ò mú RNA kéékèèké tí kò tó lẹ́tà 200, nítorí náà ẹni tó ń wá microRNA ní láti ra irú mìíràn. Owó orí àpẹẹrẹ kan ga ju ti TRIzol lọ dáadáa. Èèyàn tó ní àpẹẹrẹ 12 á ṣe é tẹ̀rín tẹ̀rín, àmọ́ ẹni tó bá ní 96 á jókòó ti ẹ̀rọ náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àwọn tí kò lo PCR rárá

QuantiGene ń lo ẹ̀ka DNA láti mú kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀, RNA fúnra rẹ̀ ò pọ̀ sí i, kò sì sí reverse transcriptase tí èèrí máa há. Ó fẹ́ kí ike sùn nínú ooru 55 mọ́jú, iná gbọ́dọ̀ wà láti alẹ́ dòwúrọ̀. nCounter tí NanoString ṣe lè ka jíìnì tó tó 800 lẹ́ẹ̀kan náà látinú omi sẹ́ẹ̀lì, àmọ́ iye ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá ti ẹ̀ka ilé-ìwé kan. Ẹni tó bá ní owó ìwádìí lè fi àpẹẹrẹ ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Tí ẹ bá ní sẹ́ẹ̀lì nínú ike, tó kéré, tí ojú rẹ̀ pọ̀, tí jíìnì tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n ò ju mẹ́wàá lọ, ẹ mú kíìtì tààrà. Èmi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tí iṣẹ́ náà bá máa pẹ́ fún ọdún méjì mẹ́ta, ẹ fi kíìtì bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ po omi ìfọ́ tiyín, kẹ́ ẹ sì fi èkíní yẹ èkejì wò títí èsì wọn á fi dọ́gba.

Ewé ẹ̀gẹ́, ewúro fúnra rẹ̀, igi àti èso: ẹ yọ RNA. Èròjà inú wọn pọ̀ ju ohun tí omi ìfọ́ lè borí lọ. Ewé tó ń yọ̀ tí TRIzol bá kọ̀, kẹ́míkà CTAB ló ń gbà á. Ẹ̀jẹ̀ náà, ẹ yọ ọ́, torí hemoglobin ń dí ẹ́ńsáìmù, heparin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó wà nínú ike ẹ̀jẹ̀ míì, sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń gé ẹran níbi tó jìnnà sí láàbù, bí àpẹẹrẹ ní Ẹ̀fọ̀n tàbí Ọ̀mùò, kó rì í sínú RNAlater, omi tó ń pa RNA mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ló lè lò ní 25, oṣù kan nínú fíríìjì, àmọ́ ọjọ́ kan péré ní 37, kí wọ́n má gbé e síwájú gíláàsì ọkọ̀. Tó bá délé, kọ́lọ́ọ̀mù.

Ẹni tó fẹ́ ka gbogbo RNA lẹ́tà lẹ́tà ní ibòmíràn gbọ́dọ̀ yọ RNA tó ní RIN, wọn ò ní gba omi sẹ́ẹ̀lì lásán lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá ti sọ pé òun fẹ́ rí NanoDrop: ẹ bá ọ̀gá sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó náwó.

Ọmọ elewúro ti bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n gbà kó fi jíìnì aláìyípadà méjì àti ìdánwò ìbomilà ṣe ẹ̀rí rẹ̀, kó sì fi kọ́lọ́ọ̀mù yọ RNA àpẹẹrẹ mẹ́fà láti fi yẹ iyókù wò. Kíìtì kékeré ló rà. Ó ti gbin sẹ́ẹ̀lì 5,000, 10,000, 20,000 àti 40,000 sí ojú mẹ́ta mẹ́ta, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun laago mẹ́fà ààbọ̀ la máa fọ́ wọn.